Wákàtí Mẹ́rìnlélógún Láàárín Toledo àti Ìtagúnmódì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí a dìbò yan gómìnà. Ní Èkó, jìnnìjìnnì Ebola ti dà bo gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ 25 oṣù keje, tí arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà ti kú sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ta ló máa ráyè ọ̀rọ̀ Toledo? Ìlú kan ni Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, létí adágún omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Erie. Ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tò ní wákàtí-wákàtí, aago Ìtagúnmódì ni màá sì fi kà á. A fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú wọn ní àkókò ooru tiwọn, nítorí náà kò ṣòro láti gbé aago méjèèjì síra. Ìdí mìíràn tún wà: àwọn kòtò góòlù tí omi kún inú wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọkàn mi wà bí mo ti ń kọ ìtàn àwọn ará Ohio yìí.

Aago méjìlá òru

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ò tíì ṣú ní Toledo. Ní Collins Park, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ omi wò ti rí ohun tí wọn kò fẹ́ rí. Omi tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti fi oògùn sí, tó kù kó gba inú páìpù lọ sílé oníkálukú, májèlé kan tó ń jẹ́ microcystin wà nínú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní májèlé náà kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù kan lọ nínú lítà omi mímu kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀, ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Omi Toledo ti kọjá ààlà náà. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, èsì kan náà ló jáde.

Ibo ni májèlé náà ti wá? Láti ara ohun tíntìntín kan tó ń gbé inú omi ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sayanobakitéríà. Wọn kì í ṣe ewé, wọn kì í ṣe ẹranko. Wọ́n wà láyé ṣáájú igi àti koríko, oòrùn ni wọ́n sì fi ń pèsè oúnjẹ ara wọn. Bí wọ́n bá kéré nínú omi, wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àfi tí ohun mẹ́ta bá pàdé: kí omi dúró lójú kan, kí ó móoru, kí oúnjẹ sì pọ̀ fún wọn, pàápàá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn, àwọn èròjà tó wà nínú ajílẹ̀, nínú ìgbẹ́, nínú ìtọ̀ àti nínú ọṣẹ ìfọṣọ mìíràn. Nígbà náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, títí ojú omi á fi yí padà sí àwọ̀ ewé. Erie ni adágún tí kò jìn tó àwọn yòókù nínú àwọn adágún ńlá márùn-ún agbègbè náà, òun náà ló sì móoru jù. Odò Maumee ń gba àárín oko àgbàdo àti oko sóyà kọjá, ó ń gbá ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, atẹ́gùn ti gbá ohun aláwọ̀ ewé náà jọ, ó sì ti pò ó mọ́ omi tó wà nísàlẹ̀, níbi tí Toledo ti ń fa omi tirẹ̀ láti inú adágún náà.

Aago mẹ́ta òru

Gbogbo ilé ti sùn ní Ìtagúnmódì. Abúlé yìí wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Òṣú, láàárín Iléṣà sí Ifẹ̀. Kòkó ló sọ agbègbè náà di ibi tí owó wà tẹ́lẹ̀, góòlù ló wá gba ipò rẹ̀. Wíwa góòlù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó ti wà láti ayé ìjọba òyìnbó. Ohun tó yàtọ̀ lóde òní ni bí ọwọ́ ti pọ̀ tó nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni kòtò ti ń wá. Awakùsà á gbẹ́ ilẹ̀, á kó erùpẹ̀ òkè sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí á fi kan ìpele òkúta wẹ́wẹ́ tí góòlù bá yanrìn pọ̀ sí. Á fi ẹ̀rọ fa omi. Á bu òkúta wẹ́wẹ́ náà sórí pátákó tó dagun, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé lórí, á wá jẹ́ kí omi máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Omi á gbé ẹrẹ̀ lọ, góòlù tó wúwo á há sínú irun kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fọ kápẹ́ẹ̀tì náà sínú abọ́, wọ́n á sì yọ góòlù inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó kù, odò ló ń bá lọ. Bí góòlù ibẹ̀ bá tán, wọ́n á kó ẹ̀rọ wọn, wọ́n á lọ gbẹ́ ibòmíràn. Kòtò á kù síbẹ̀ láàárín igi kòkó, òjò á sì rọ̀ kún inú rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, omi máa ń pọ́n ni. Ìtànṣán oòrùn kò lè ríbi wọnú omi bẹ́ẹ̀, sayanobakitéríà kò sì lè gbilẹ̀ nínú òkùnkùn. Omi pípọ́n ní ewu tirẹ̀: ẹrẹ̀, àti mẹ́kúrì bí wọ́n bá fi fọ góòlù. Ewu yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà ló ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ títí dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó fi di pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun kí wọ́n má mu omi odò náà. Kòtò tí wọ́n ti pa tì ni ènìyàn kì í fura sí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹrẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, omi á tòrò, oòrùn á ráyè wọlé. Èérí máàlúù, èérí ènìyàn, ọṣẹ ìfọṣọ àti erùpẹ̀ oko á máa ṣàn wọ inú rẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Omi tó dúró, tó móoru, tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀: gbogbo ohun tí Erie ní, kòtò náà ní in.

Ní irú omi bẹ́ẹ̀, aago mẹ́ta òru ni ìgbà ìnira ẹja. Lọ́sàn-án, ohun aláwọ̀ ewé wọ̀nyẹn ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú omi. Lóru, kò sí oòrùn, àwọn náà á máa mí, wọ́n á máa fa ọ́síjìn inú omi. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, kò ní sí èyí tó kù fún ẹja. Ìdí nìyí tí ẹja fi máa ń gbẹ́nu sójú omi láfẹ̀mọ́júmọ́ nínú adágún tó ti di àwọ̀ ewé, tí àwọn mìíràn sì máa ń léfòó ní òkú. Tí ohun aláwọ̀ ewé náà bá tún kú lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ á gba èyí tó ṣẹ́kù.

Aago méje òwúrọ̀

Nǹkan bí aago méjì òru ni ní Toledo nígbà tí ìkìlọ̀ jáde. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ. Ẹ má fi se oúnjẹ. Ẹ má fi po mílíìkì ọmọ ọwọ́. Ẹ má sì sè é. Nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ìkìlọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí pé òun ló ta ko ohun tí ìyá wa kọ́ wa. Bí a bá fura sí omi, ohun tí a mọ̀ ni pé ká sè é. Síse máa ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n microcystin kì í ṣe kòkòrò alààyè tí ooru lè pa. Májèlé ni, ó sì ń fara da iná. Bí omi bá ń hó, sayanobakitéríà tó wà nínú rẹ̀ á bẹ́, á tú májèlé inú rẹ̀ sílẹ̀. Omi á máa dín kù nínú ìkòkò, májèlé kò ní dín kù. Ìyá tó fẹ́ dáàbò bo ọmọ rẹ̀ á wá fún un ní omi tó burú ju èyí tó pọn lọ.

Álọ́ọ̀mù ńkọ́? Bí a bá fi álọ́ọ̀mù sí omi, tí a rọra yọ omi òkè kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó lè kó púpọ̀ nínú sayanobakitéríà tó wà lódidi lọ sísàlẹ̀. Kò lè kó májèlé tó ti yọ́ mọ́ omi. Oògùn apakòkòrò tí a ń dà sínú kànga náà lè fọ́ wọn, kí májèlé inú wọn tú jáde. Èédú pàtàkì kan wà tí ilé iṣẹ́ omi ń lò tó lè fa májèlé náà mọ́ra. Òun ni Collins Park ń dà sínú omi ní ìwọ̀n tó pọ̀ sí i ní wákàtí yìí. Èédú ìdáná wa kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Aago méje òwúrọ̀ kan náà ni ìgbà tí àwọn tó ń pọn omi máa ń dé etí omi ní abúlé wa. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ojú omi tó ti di àwọ̀ ewé máa ń burú jù. Sayanobakitéríà ní àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú ara rẹ̀. Lóru tí atẹ́gùn dákẹ́, wọ́n á léfòó, wọ́n á dì sójú omi. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òwúrọ̀ á wá gbá wọn jọ sí etí kan, níbi tí májèlé á ti pọ̀ ju ti àárín omi lọ fíìfíì. Etí yẹn ni kẹ́ẹ̀gì máa ń bọ́ sí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀

Aago mẹ́rin òru ni ní Toledo, àwọn ilé ìtajà tí kì í tilẹ̀kùn ti kún fún èrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi inú ike ti tán lórí àtẹ. Àwọn kan wa ọkọ̀ wọ ìpínlẹ̀ Michigan tó múlé gbè wọ́n láti lọ ra omi. Láàárín òru ni ọ̀rọ̀ náà dé etí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn.

Ẹ má sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ìròyìn kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má bàa mú un. Kí oòrùn tó yọ, ìròyìn náà ti dé abúlé tí mọ́tò kì í dé. Àwọn kan mu ún, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Irọ́ gbáà ni. Àmọ́ ó fi hàn wá pé bí ọ̀rọ̀ nípa omi bá kàn wá, a mọ bí a ti ń jí ara wa lójú oorun. Ohun tí a kò tíì ní ni ẹni tó máa yẹ omi wò kí ó tó gbé fóònù.

Aago kan ọ̀sán

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Toledo. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ohio, John Kasich, kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì ní agbègbè mẹ́ta: Lucas, Wood àti Fulton. Wọ́n ké sí àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wá. Ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn. Àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan síwájú.

Ní kòtò tiwa, ọ̀sán máa ń tan ènìyàn jẹ. Sayanobakitéríà tó ti fi oòrùn se oúnjẹ láti àárọ̀ á yó, ara rẹ̀ á wúwo, á rì. Ojú omi tó dì láàárọ̀ á là díẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni, kò sí ilé ìwé. Ta ni kò mọ ohun tí omi tó tòrò máa ń ṣe sí ọmọdé lọ́sàn-án? Wọ́n á bọ́ṣọ sílẹ̀, wọ́n á kó sínú rẹ̀. Ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń gbé omi mì láìmọ̀, ara rẹ̀ kéré, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kéré, ìwọ̀n májèlé tí àgbàlagbà lè fara dà lè dá a dùbúlẹ̀. Awọ ara á máa yún un, ojú á pọ́n, inú á máa lọ́ ọ, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Ní ilé, wọ́n á ní ibà ni, tàbí kí wọ́n ní oúnjẹ àná ni kò bá a lára mu. Wọ́n á fún un ní àgbo. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé inú omi wo lo wọ̀ lọ́sàn-án àná.

Oṣù kẹjọ kì í tilẹ̀ ṣe ìgbà tó burú jù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìkùukùu pọ̀ lójú ọ̀run. Láti oṣù kọkànlá lọ, tí òjò bá ti dá, tí omi kòtò fà, tí oòrùn sì mú, ni àyè máa ń gba sayanobakitéríà jù. Ìgbà yẹn náà ni kànga máa ń gbẹ, tí àwọn ènìyàn máa ń padà sídìí omi kòtò, tí àwọn àgbẹ̀ sì máa ń fi omi rẹ̀ rin ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti ń fi omi Toledo ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò mìíràn lẹ́yìn Collins Park, títí kan ti ìjọba àpapọ̀ ní Cincinnati, kí wọ́n lè fi èsì wé èsì. Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ẹ̀rù ń ba ìlú, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, àwọn oníròyìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ wọ́n ní àfi kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Caruaru wà nílẹ̀. Ní ìlú yẹn ní Bràsíìlì, ní oṣù kejì ọdún 1996, ilé ìwòsàn kan ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ló gbé omi wá láti adágún kan, wọn kò sì tọ́jú omi náà bó ti yẹ. Microcystin wà nínú rẹ̀. Àwọn aláìsàn ní ojú ń ṣe àwọn bàìbàì, wọ́n ń bì, ara wọn kò gbé e mọ́. Nínú àwọn 131 tó ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, nǹkan bí 100 ni ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́, àwọn tó kú sì ju àádọ́ta lọ. Ẹ̀dọ̀ ni microcystin ń bá jà. Oríṣi sayanobakitéríà mìíràn ń ṣe májèlé tó ń dojú kọ iṣan ara, tó lè dá èémí dúró.

Nàìjíríà kò sì ṣàì mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Àmọ́dù Béllò ní Sáríà tẹ ìwádìí wọn jáde pé àwọn rí microcystin nínú àwọn adágún tí wọ́n ti ń sin ẹja lágbègbè wọn. Ẹja tó ń gbé irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń kó májèlé náà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi orí àti ìfun ẹja se ọbẹ̀, kí ó fi ìfun sílẹ̀ bí kò bá mọ omi tí ẹja náà ti wá.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń bọ̀ nílé, máàlúù àwọn darandaran ń wá omi. Ẹranko kì í yan omi. Etí ibi tí ohun aláwọ̀ ewé ti dì ni wọ́n máa ń mu, tí wọ́n á sì lá èyí tó lẹ̀ mọ́ irun ara wọn. Àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kú. Ẹranko ni ayé tilẹ̀ fi mọ ọ̀rọ̀ yìí: ní ọdún 1878, George Francis kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature nípa màlúù, àgùntàn, ẹṣin àti ajá tó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi adágún Alexandrina ní Ọsirélíà. Ní ọdún 2020, erin tó lé ní 300 kú ní àríwá Bòtsùwánà, ìjọba wọn sì ní májèlé sayanobakitéríà inú omi tí wọ́n ń mu ló fà á. Bí ẹran méjì mẹ́ta bá kú lójijì lẹ́bàá omi kan náà, kí a má sáré sọ pé aráyé ló ṣe é. Ẹ lọ wo àwọ̀ omi náà.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láti aago yìí títí di òwúrọ̀, láìná ju owó ìgò kan lọ. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́. Ẹ fi ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ bu omi tó ní àwọ̀ ewé náà, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ kó dé ẹnu. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò ní fọwọ́ kàn án, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú láìmì í. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ohun aláwọ̀ ewé náà bá ti rì sísàlẹ̀ ìgò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewé omi lásán. Bí ó bá léfòó, tó kó ara jọ sókè, ẹ fura gidigidi. Tàbí kí ẹ ti ọ̀pá bọ ojú omi náà: èyí tó bá so kọ́ ara ọ̀pá ní fọ́nrán-fọ́nrán, ewé omi ni, èyí tó bá kun ọ̀pá bí ọ̀dà ilé, tí kò ṣeé ká, sayanobakitéríà ló sábà máa ń jẹ́. Ìgò àti ọ̀pá kò lè sọ fún yín bóyá májèlé wà níbẹ̀ tàbí bí ó ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tó mọ́ gaara lè ní májèlé lẹ́yìn tí ohun aláwọ̀ ewé ti kú tán. Wọ́n á kàn jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Aago mọ́kànlá alẹ́

Ní Toledo, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, ọkọ̀ ń gbé omi kiri, àwọn ènìyàn tò sórí ìlà pẹ̀lú ike. Olórí ìlú wọn, D. Michael Collins, kò gbà láti ká ìkìlọ̀ náà kúrò. Ó tún ku ọjọ́ kan ààbọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ni wọ́n tó sọ pé omi ti dára, tí Collins sì gbé ife omi ẹ̀rọ kan mu lójú àwọn oníròyìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ààlà tuntun kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ènìyàn bá fi mu irú omi bẹ́ẹ̀: 0.3 máíkírógíráàmù nínú lítà kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, 1.6 fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Toledo kò sàn jù wá nítorí pé omi wọn mọ́. Omi wọn kò mọ́. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ ohun tó rí. Ní Sàmfárà, ní ọdún 2010, òjé inú òkúta góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ọmọ ti ń kú kí àwọn dókítà àjọ ìrànwọ́ ìlera MSF tó dé, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, kí a tó mọ orúkọ ohun tó ń pa wọ́n. N kò fẹ́ kí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Gbèsè ni gbogbo kòtò tó ṣí sílẹ̀ láti Ìtagúnmódì títí kan agbègbè Iléṣà, a sì mọ bí àwọn baba wa ṣe ń sin gbèsè: òṣómàáló ni. Kí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa, alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Òṣú àti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo jókòó ti àwọn tó gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n dí èyí tó ṣeé dí, kí wọ́n sì fi ọgbà yí èyí tó kù ká. Kí wọ́n ké sí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ nítòsí, kí wọ́n máa bu omi kòtò wọ̀nyí yẹ̀ wò lóṣooṣù, pàápàá láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kí wọ́n sì máa kéde èsì rẹ̀ lórí rédíò ní èdè wa. Kí kànga ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí ìyá kankan má bàa ní láti bu omi nínú kòtò mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dè wọ́n. Bí ẹ bá rí omi tó ti di àwọ̀ ewé, ẹ má sè é, ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú rẹ̀, ẹ má fi rẹ ẹ̀gẹ́, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀ jìnnà sí i. Bí ọmọ bá sì ń bì lẹ́yìn tó ti lúwẹ̀ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú omi tó wọ̀.